LỌ́DỌ̀ ÌYÁ ILÉ: Ọmọ Tó Ń Yọ Owó Ọjà Ra Áísìkirímù

  Ẹ̀yin baálé ilé tí ẹ máa ń yọ́ ojú ìwé yìí kà nígbà tí aya yín kò bá sí nítòsí, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kàn yín.

Bí a ti í sá ilá tí kò fi ní bu ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èso lọ́jà ló kọ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ìlú rẹ̀. Apá kan nínú ohun tó kọ nìyí:

“Ìyá wa, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ti di olè mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tó ń yọ owó nínú àpò ọjà mi, áísìkirímù ló sì ń fi í rà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Mo nà án títí apá fi ń ro mí. Mo fi ata sí i lójú, síbẹ̀ ó tún mú un. Bàbá rẹ̀ ní bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, òun yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá òun lóko, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé, nítorí òun kò lè bá olè gbé ilé. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́, á fọ abọ́, á lọ jókòó sí igun kan. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?”

Ọmọ mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Ata tí o fi sí ọmọ lójú yẹn kò dára. Má ṣe irú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ojú lè ti ibẹ̀ bàjẹ́, olè kì í sì í gba ojú jáde.

Olè jíjà burú, n kò ní tàn ọ́. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó ọjà rẹ ni wọ́n fi ń ra ìwé òun, òun náà ni wọ́n fi ń ra gàrí tí òun ń mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jí nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò fi owó náà ra nǹkan mìíràn rárá, ohun kan ló ń wù ú tí kò mọ bí yóò ti béèrè. Ǹjẹ́ o ti bi í rí? Nínú gbogbo ìwé rẹ, n kò rí ibi tí o ti bi í.

Wàyí o, nǹkan kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ tí ìwọ fúnra rẹ kọ, bóyá o kò tilẹ̀ fura sí i. O ní bí àsìkò máńgòrò bá dé, o máa ń da apẹ̀rẹ̀ kan sí méjì nù lọ́sẹ̀ nítorí pé wọ́n ti rọ̀ jù, oníbàárà kò rà wọ́n mọ́. Ṣé o rí i? Ọmọ ń jí owó ra ohun dídùn, ìyá ń da ohun dídùn sí ààtàn. Òtútù nìkan ló kù tí nǹkan inú apẹ̀rẹ̀ rẹ ìbá fi di áísìkirímù. Òtútù náà kò sì le, kódà bí kò bá sí fíríìjì nínú ilé, tàbí tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ láti àná tí kò tíì dé.

Èmi náà ti rí ìtìjú lórí áísìkirímù yìí rí, kí ẹ má baà rò pé wọ́n bí i mọ́ mi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo gbọ́ pé omi dídì àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo gbé abọ́ mílíìkì sínú garawa, mo da omi dídì yí i ká, mo da iyọ̀ lé e, mo sì lọ bá àlejò sọ̀rọ̀. N kò bo abọ́ náà dáadáa. Omi iyọ̀ kún dé ẹnu abọ́, ó wọ inú mílíìkì. Mo bù ú fún àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi mẹ́ta. Méjì gbé tiwọn sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọmọlúàbí ènìyàn, lá tirẹ̀ tán, ó ní, “Ìyàwó wa, ọbẹ̀ yìí dùn o.” Títí di òní ni ọkọ mi ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ó dára, ẹ mú ìwé àti gègé. Máńgòrò tó pọ́n dáadáa, ńlá 2 tàbí kékeré 5, ti tó fún ènìyàn 6. Èyí tó rọ̀ dùn jù, ṣùgbọ́n gé ibi tó bá ti dúdú tàbí tó ń rùn bí ọtí sọ nù. Kọ́kọ́ fọ máńgòrò kí o tó bó o, torí ọ̀bẹ lè gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú. Gbo ó, kí o fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí okùn inú rẹ̀ má baà há sí eyín. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ìkán mẹ́ta péré. Gbé e sápá kan.

Mú mílíìkì agolo kékeré 2, irú èyí tí a fi ń mu tíì. Bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fi po kọ́sítáàdì ṣíbí ìjẹun 1, kí ó má ní kókó. Gbé èyí tó kù ka iná pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí ìjẹun 4. Bí ó bá fẹ́ hó, da kọ́sítáàdì náà sí i, máa rò ó títí yóò fi ki díẹ̀, kí o wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kọ́sítáàdì yìí ni kì í jẹ́ kí áísìkirímù ṣe hóró-hóró lẹ́nu. Àwọn mìíràn máa ń po ẹyin tútù sí tiwọn. Èmi kò fẹ́ ẹ fún ọmọdé, torí àìsàn lè wà nínú ẹyin tí kò jinná.

Bí mílíìkì bá ti tutù pátápátá, pò ó mọ́ máńgòrò. Tọ́ ọ wò. Ó yẹ kí ó dùn ju bí o ti fẹ́ lọ díẹ̀, torí pé bí nǹkan bá ti dì, adùn rẹ̀ á dínkù lẹ́nu. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ fẹ́lẹ̀ jù nídìí ṣúgà. Bí ó bá pọ̀ jù, áísìkirímù kò ní dì. Bí ó bá kéré jù, á le bí òkúta.

Da á sínú abọ́ irin tó ní ìdérí tó dé pinpin. Irin ni kí ó jẹ́, kì í ṣe ike, torí irin ni òtútù tètè ń gbà kọjá. Má kún un dé ẹnu. Fi bí ìdá mẹ́ta kan sílẹ̀. Garawa tí abọ́ yóò jókòó sí lè jẹ́ ike, ìyẹn tilẹ̀ sàn, kí o sì fi àpò ọ̀gbọ̀ tàbí aṣọ tó nípọn wé e lára.

Ra omi dídì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Kó o sínú àpò tó mọ́, fi ọmọ odó lù ú títí yóò fi wẹ́ bí èkùrọ́. Da díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ garawa, wọ́n iyọ̀ lé e, gbé abọ́ lé orí rẹ̀, kí o wá máa da omi dídì àti iyọ̀ yí abọ́ ká ní ìpele-ìpele: ife omi dídì 4, ife iyọ̀ 1. Iyọ̀ oníhóró tó pọ́ọ́kú ló dára. Má jẹ́ kí ó ga dé ìdérí. Ẹ rántí ọbẹ̀ mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bi mí pé kí ni iyọ̀ wá ṣe níbẹ̀. Omi dídì lásán kò lè mú mílíìkì oní-ṣúgà dì, torí pé ohun tó ní ṣúgà nínú ń fẹ́ òtútù tó ju ti omi lásán lọ kí ó tó dì. Iyọ̀ ló ń mú kí omi dídì yọ́ kíákíá, omi dídì kò sì lè yọ́ láìfa ooru mọ́ra. Níbo ni yóò ti rí ooru? Lára abọ́ rẹ ni. Omi lásán ń dì ní òdo lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ lè tutù dé ìwọ̀n 21 nísàlẹ̀ òdo kí ó tó dì. Nítorí náà, má jẹ́ kí ọmọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń jó ara bí iná. Bí o bá sì ṣe tán, má dà á sí ìdí ewébẹ̀ rẹ.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ kí fíríìjì tó dé. Obìnrin kan, Nancy Johnson, ló gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1843 fún ẹ̀rọ áísìkirímù tí a ń fi ọwọ́ yí. Omi dídì àti iyọ̀ yìí náà ni tirẹ̀, àfi pé ó ní ọwọ́ tí a fi ń yí i.

Tiwa kò ní ẹ̀rọ. Ẹnìkan ni yóò di abọ́ mú lórí, tí yóò máa yí i sọ́tùn-ún, sósì, láìdáwọ́dúró. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, nu ìdérí gbẹ, ṣí i, kí o fi ṣíbí ha èyí tó ti dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kúrò, kí o pò ó mọ́ ti àárín. Ó lè gbà tó wákàtí kan. Bí ó bá ti rí bí òrí tó rọ̀, ó ti tó jẹ. Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá yọ́, ẹ má ṣe tún un mú dì.

Ẹ kíyè sí èyí o. Òtútù kì í pa kòkòrò àìsàn. Bí ó bá wà nínú omi kí ó tó dì, yóò wà níbẹ̀ nígbà tó bá yọ́. Torí náà, omi dídì ọjà kò gbọ́dọ̀ kan ohun tí ẹ ó jẹ. Èyí tilẹ̀ wà lára ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ọmọ máa ra ohun tí a kò mọ bí wọ́n ti ṣe é.

Bí àsìkò máńgòrò bá lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú-dúdú dára, kò sì fẹ́ ṣúgà púpọ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pò wọ́n mọ́ mílíìkì ní tútù, mílíìkì á korò. Ẹ kọ́kọ́ sè wọ́n pẹ̀lú ṣúgà fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kí wọ́n tutù kí ẹ tó lò wọ́n. Àgbà tí mílíìkì máa ń dà nínú rú, tí irú wọn pọ̀ láàrin wa, lè fi àgbọn tí a rin, tí a sì fún, rọ́pò rẹ̀. Ti àgbálùmọ̀, ẹ má bi mí. Mo dán an wò, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ará ilé létè.

Wàyí, ọmọ mi, padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ. Ní Sátidé tó ń bọ̀, pè é, má fi ohùn olè pè é. Jẹ́ kí òun ló bó máńgòrò, kí òun ló yí abọ́. Iṣẹ́ náà gùn, ó sì ń dá ọwọ́ lágara, ìwọ náà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, yóò sì tún gbà á lọ́wọ́ rẹ. Nídìí abọ́ yẹn ni kí o ti bi í léèrè ohun tó ṣe. Má ṣe jẹ́ kí ojú rẹ le. Bóyá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá wọ́n ń jẹ, òun ń wòran. Ohunkóhun tó bá sọ, gbọ́ ọ tán.

Owó tó mú, kí ó san án padà. Kì í ṣe pé kí o gbé igbá lé e lórí kí ó máa kiri. Kí ó máa bá ọ to èso lórí àtẹ lọ́jọ́ Sátidé, kí o sì ka iye iṣẹ́ rẹ̀ fún un títí owó yóò fi pé. Lọ́jọ́ tó bá pé, sọ fún bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀ pé ó ti san án. Bí agbára rẹ bá sì gbé e, fún un ní owó díẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó mọ̀ pé tirẹ̀ ń bọ̀.

O tún béèrè bóyá o lè ṣe é tà. Má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí mo júwe yìí kò lè mú un dì pẹ́ tó fún ọjà, àwọn NAFDAC sì ní òfin tiwọn lórí oúnjẹ tí a dì tà. Má fi owó èésú ra fíríísà lórí ọ̀rọ̀ mi.

Bàbá ọmọ, mo mọ̀ pé ìwé yìí yóò dé ọwọ́ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní Sátidé mẹ́ta. Ẹ má tíì ránṣẹ́ sí ìyá yín lóko. Bí ẹ bá wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹ bá wọn fọ́ omi dídì. Apá yín le ju ti obìnrin lọ, ẹ ó sì rí tiyín jẹ.

Ọmọ mi, kọ̀wé sí mi lẹ́yìn Sátidé kẹta. Bí ọmọ náà bá lè kọ díẹ̀ sí i fúnra rẹ̀, inú mi yóò dùn sí i jù. Bí a bá pàdé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ ti ilá gbígbẹ.