Iṣẹ́ Orí Káàdì àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹni

Lórí káàdì ìdìbò tí olúkúlùkù yóò mú dání lọ síbi ìdìbò, àyè kan wà tí a kọ iṣẹ́ ẹni sí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó jẹ́ kí a kọ “ìyàwó ilé” tàbí “òwò” síbẹ̀, nítorí pé èrò pọ̀ lórí ìlà, akọ̀wé sì ń kánjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè ní ìyàwó ilé yìí ń jí láago márùn-ún ìdájí láti lọ dáná ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí a pè ní oníṣòwò kò ní ìsọ̀. Ọjà ọlọ́jà ni ó ń tà, owó oṣù ni ó sì ń gbà. Ohun tí a kò bá dárúkọ, kò sí ẹni tí yóò bi olóṣèlú nípa rẹ̀.

Òwò ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn wá sí Jọ́ọ̀sì bá wá. Ọjà ńlá ìlú náà ni púpọ̀ nínú wọn fi tọ́ ọmọ. Nígbà tí iná jó ọjà náà ní ọdún 2002, kì í ṣe aṣọ àti àwo nìkan ni ó bá a lọ. Ipò ẹni tí ó dá dúró lórí ìsọ̀ ara rẹ̀ bá a lọ pẹ̀lú. Lónìí, ẹni tí ó bá la ìlú já yóò rí àwọn ọmọ wọn: olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, nọ́ọ̀sì àti agbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn, aránṣọ àti onídìrí tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ọmọ ìtajà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí ń to tòmátì sínú apẹ̀rẹ̀ ní Farin Gada, àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń sanwó fún gbogbo wọn.

Ojú kan náà kọ́ ni òfin fi ń wò wọ́n. Òfin Iṣẹ́ fún aláboyún ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, ó sì kà á léèwọ̀ kí ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ fi àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Mélòó nínú àwọn ọmọ ìtajà ni ó ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí? Ní ti ọmọ ọ̀dọ̀, òfin náà kò ka ẹni tí a kò gbà fún òwò agbanisíṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó di ₦70,000 ní ọdún 2024, kò sì de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wo ni ó ní òṣìṣẹ́ 25?

Àwọn kan yóò wí pé Abuja ni a ti ń ṣe òfin iṣẹ́. Kí ni ó kan alága ìjọba ìbílẹ̀ àti káńsílọ̀ níbẹ̀? Òótọ́ ni. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀ràn iṣẹ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n Àfikún Kẹrin ìwé kan náà fi ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni obìnrin òṣìṣẹ́ ti ń lo ọjọ́ rẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí tí òfin fún abiyamọ kò wúlò bí kò bá rí ibi tí yóò jókòó sí fún ọmọ lọ́mú. Nọ́ọ̀sì tí ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ nílò iná ní ibùdókọ̀. Ọmọ ìtajà tí ó dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nílò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ sì ni òfin fi ṣe àgbà ọjà.

Ẹ̀tọ́ ìdìbò yìí pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọdún 1959, nígbà tí àwọn obìnrin Ìbàdàn àti Èkó dìbò yan aṣòfin àpapọ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn tí ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì kò lè dìbò, nítorí pé Àríwá kò tíì fún obìnrin ní àyè. Ọdún 1976 ni ẹ̀tọ́ náà tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1979 ni wọ́n fi yan ààrẹ. Òwò kan náà ni wọ́n ń ṣe; ibùgbé ni ó ya ẹ̀tọ́ wọn sọ́tọ̀.

Nítorí náà, kí a tó fún olùdíje kankan ní àga ní ìpàdé àwọn Yorùbá, ó yẹ kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ọjà wo ni yóò kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìtọ́jú ọmọ sí? Ibùdókọ̀ wo ni yóò tan iná sí? Ọ̀nà wo ni yóò gbà pín ìsọ̀ kí ẹni tí ń bá ọlọ́jà tajà lè ní tirẹ̀ lọ́jọ́ kan? Kí àwọn ìyá kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ọjọ́ sí i. Ìrẹsì àti àǹkárá tí a bá pín kò lè dípò ìdáhùn. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.