Ẹ Má Gé Ìlà Àtijọ́ Kí Tuntun Tó Dé Ọwọ́ Aráàlú

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ AOL ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì orí wáyà tẹlifóònù tí wọ́n ti ń tà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Èyí ni íntánẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ń pe nọ́ńbà, tí yóò han gooro kó tó wọlé, tí kò sì ní jẹ́ kí ará ilé mìíràn ráyè fi fóònù pe ẹnikẹ́ni títí ẹni tó ń lò ó yóò fi jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ ìròyìn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló tún kù tó ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwa kò rí ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ṣèwádìí ní ọdún 2023, wọ́n sì rí i pé ó lé ní 160,000 agbo ilé tó jẹ́ pé irú íntánẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ni wọ́n ní. Ní ìgbèríko tí oko wà láàárín ilé kan sí èkejì, àwọn ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ ri wáyà tuntun, torí ohun tí wọn yóò ná pọ̀ ju ohun tí wọn yóò pa lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àpò ló ká a. Ohun a ní là ń náání. Ìlà àtijọ́ yìí kò lè gbé fídíò, ṣùgbọ́n ó ń gbé ímeèlì, ímeèlì yẹn sì lè jẹ́ èsì àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ dókítà, tàbí lẹ́tà ọmọ tó wà lájò.

Èyí tó dùn wá jù ni àsìkò tó bọ́ sí. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ètò kan tó ń fi 30 dọ́là ran àwọn tí kò rí já jẹ lọ́wọ́ lóṣooṣù láti san owó íntánẹ́ẹ̀tì. Agbo ilé tó lé ní mílíọ̀nù 23 ló wà lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ètò náà kú, torí Kóńgírẹ́ẹ̀sì kò fi owó kún un. Ọdún tó tẹ̀lé e ni AOL ṣe ìkéde tiwọn, wọn kò sì fún àwọn oníbàárà ní oṣù méjì gbáko. Lóòótọ́, wọ́n ní àdírẹ́sì ímeèlì AOL kò ní kú. Kí ni ẹni tí ọ̀nà ti dí mọ́ fẹ́ fi àdírẹ́sì ṣe? A kò dá AOL lẹ́bi pé wọ́n pa ọjà tí kò tà mọ́. Ìjọba tó mọ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí wà, tó sì káwọ́ gbera, ni a bá wí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe é dáa díẹ̀. Òpin ọdún 2025 ni wọ́n fẹ́ pa ìlà tẹlifóònù àtijọ́ tiwọn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8 èèyàn níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó àti aláìlera, ló ń lo ẹ̀rọ pàjáwìrì tí wọ́n ń fi kọ́rùn. Bí wọ́n bá ṣubú nílé, bọ́tìnnì kan ni wọn yóò tẹ̀ kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn èèyàn lọ sórí ìlà tuntun, ẹ̀rọ àwọn kan kọ̀, kò ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀. Ìjọba pe àwọn ilé-iṣẹ́ jókòó ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n sì padà sún ọjọ́ náà sí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí òbí yín ń dá gbé ní London tàbí Manchester, ẹ béèrè nísinsìnyí bóyá ẹ̀rọ ọrùn màmá yóò ṣiṣẹ́ lórí ìlà tuntun, pàápàá bí iná bá lọ.

Nílé níbí, 2G, nẹ́tíwọ̀kì fóònù àtijọ́, ló dúró ní ipò ìlà àtijọ́ yẹn. Àkọsílẹ̀ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, fi hàn pé nígbà tí ọdún 2024 ń parí, nǹkan bí méjì nínú ìlà fóònù márùn-ún ní Nàìjíríà ṣì wà lórí rẹ̀. Òun ló gbé fóònù oníbọ́tìnnì tí ìyá alátà ní Ìṣẹ́yìn fi ń tẹ kóòdù láti fowó ránṣẹ́, láìsí dátà, láìsí áàpù.

Ẹni tó bá sì rò pé tuntun ti dúró re, kó rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sọ́dọ̀ wa, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan. Áàpù àwọn báǹkì wa dákú, owó há sọ́nà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì gbà kí àtúnṣe tó parí. Ilé-iṣẹ́ MainOne, tí Fúnkẹ́ Ọ̀pẹkẹ́, ọmọ Ilé-Olújìí, dá sílẹ̀, tó sì gbé wáyà rẹ̀ dé Èkó ní ọdún 2010, ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló yẹ̀, torí ibú náà jìn ju ibi tí ìdákọ̀ró ọkọ̀ lè dé. Kò sí ẹni tó lè bá ilẹ̀ òkun ṣẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí gbogbo ìlú gbára lé ọ̀nà kan ṣoṣo.

Nítorí náà, a ń rọ NCC: kí ilé-iṣẹ́ kankan má ṣe pa 2G ní ìjọba ìbílẹ̀ kankan títí 4G yóò fi rinlẹ̀ níbẹ̀, tí owó fóònù tó ń gbé e yóò sì wà ní ìwọ̀n agbára tálákà. A gbóríyìn fún àjọ náà lórí àṣẹ ọdún 2025, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa sọ fún aráàlú bí nẹ́tíwọ̀kì bá bàjẹ́ gidi, kí wọ́n sì san àsanpadà bí ó bá kọjá wákàtí 24. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà kò tíì gbọ́ ọ rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kéde rẹ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ìlà yín bá dákẹ́ ju ọjọ́ kan lọ, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ yín. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622.