Ọgọ́ta Ọdún Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Mermin

Ẹ bá wa yọ̀, ẹ bá wa jó! Ìwé ojú-ewé mẹ́ta péré tí onímọ̀ físíìsì N. David Mermin tẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 1965 pé ọgọ́ta ọdún ní 2025, àwa ará Tinúbú ní Èkó ló sì yẹ kí a lu ìlù rẹ̀ jù. Àwa la mọ ooru. Bí oòrùn bá kan àtàrí lójú Tinúbú Square, ìwọ̀n 30 Celsius yẹn, 303 ni lórí òṣùwọ̀n Kelvin. Ṣùgbọ́n òdo Kelvin, òtútù tí ẹnikẹ́ni kò lè dé, ni tíọ́rì nípa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí àwọn onímọ̀ físíìsì Hohenberg àti Kohn gbé kalẹ̀ ní 1964 dá lé. Mermin, tó bá Kohn ṣiṣẹ́ ní Kalifóníà, ló fi hàn pé nínú ooru pàápàá, bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ sí níhìn-ín, tó fọ́n lọ́hùn-ún, tó láti fi mọ gbogbo ìyókù nípa wọn.

Àwa oníkẹ́mísìrì jèrè níbẹ̀. Ní 1983, àwọn oníkẹ́mísìrì Parr àti Pearson fi nọ́ńbà sí líle mólékù: agbára tí a fi ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ yọ èyí tó ń tú jáde bó bá gba òmíràn, ẹ pín in sí méjì. Wàhálà kan ló wà: ní òdo Kelvin, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dà bí ọjà tí kò sí ṣéńjì, odindi ni wọ́n ń tà, iye rẹ̀ a sì fò lójijì. Bí ẹ bá fi ìṣirò wá líle níbẹ̀, òdo ni tàbí àìlópin! Ní 2015, Franco-Pérez, Gázquez, Ayers àti Vela padà sídìí iṣẹ́ Mermin. Bí ooru ti wọlé, ìfòsókè náà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, líle sì di nọ́ńbà gidi.

N kò ní tàn yín: ooru Tinúbú kò ká ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.026 eV (òṣùwọ̀n agbára) lọ, nígbà tí líle ọ̀pọ̀ mólékù jẹ́ eV mélòó kan. Ẹni tó ń ṣírò, ní yunifásítì Ifẹ̀ tàbí ti Akọkà, èròjà tí yóò dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà lè máa lo nọ́ńbà àtijọ́ lọ.  Níbi tí ooru ti jẹ́ ooru, bíi inú pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà, ọ̀nà Mermin gan-an ni wọ́n fi ń ṣírò.

Ẹ̀yin ọmọ ASESMA, ilé-ẹ̀kọ́ nípa irú ìṣirò yìí ní Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town ní 2010 tó sì dé Accra ní 2016, àsè yín nìyí! Ní oṣù kẹta ọdún 2025 kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mermin fúnra wọn pé 90 ọdún.