Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Alabar Máa Lu Ìlù Wọn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú bá ara wa sọ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń lu ìlù tí wọ́n sì ń kọrin níbi àjọyọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ní Alabar, ní ìlú Kùmásì.

Àwọn tí mo ń wí yìí kì í ṣe àyàn, wọn kò sì fi orin ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ọmọ oníṣòwò ni wọ́n, aránṣọ, awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́. Ibikíbi tí Yorùbá bá tẹ̀dó sí ni irú wọn ti máa ń hù. Bí ìsọmọlórúkọ bá dé, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ọdún Iléyá, tàbí ìfijoyè, àwọn ni yóò kọ́kọ́ jáde, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n.

Kí ni ó mú kí eléyìí ṣe pàtàkì ní Kùmásì ju ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ? Láti ìgbà tí a ti ń pe ilẹ̀ náà ní Gold Coast ni àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí ti ń ṣòwò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a, tàbí kí ó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kó ìṣọ̀ jọ di ẹni tí ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ní òru. Àwùjọ tí ó bá fọ́ báyìí, ẹgbẹ́ onílù rẹ̀ fọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù, àti àwọn tí ó padà lọ lẹ́yìn náà, ni ó tún ilé tò.

Ọmọ tí a bí ní Kùmásì lónìí, Twi ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ní ọjà, Haúsá ni yóò gbọ́ ní Zongo, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ́ ọ ní ilé ìwé. Níbo ni yóò ti gbọ́ Yorùbá tí ó jinlẹ̀? Mo sọ pé ìdí ìyáàlù ni. Ìyáàlù kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ fi ìlù ki baba àgbà kan ní oríkì, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu mọ oríkì náà, kí ó sì bi àgbà léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Àṣàǹtì tí a jọ ń gbé kò ní fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé atumpan tiwọn náà ń sọ Twi, dọnnọ wọn sì jẹ́ ìbátan dùndún wa.

Ẹ má sì pe eré àwọn ọ̀dọ́ ní nǹkan kékeré. Ní ilẹ̀ Fanti ní àwọn ọdún 1930, àwọn ìlú tí agbára wọn kò ká fèrè idẹ gbé ìlù àti ohùn ẹnu dípò rẹ̀. Èyí ni a ń pè ní konkoma, tí àwọn arìnrìn-àjò gbé wọ Èkó, tí ó sì wọ inú eré agídìgbo. Lọ́dọ̀ tiwa, wéré tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú Ramadan ni Sikiru Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ ní èwe, láti ibẹ̀ sì ni fújì ti jáde.

Ṣùgbọ́n kí ni à ń ṣe? A ń fi owó ńlá pe olórin láti òkèèrè, a ń gbé ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn síta tí kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ, àwọn ọmọ wa sì jókòó lẹ́yìn bí ẹni tí kò sí nínú ilé. N kò ní ìjà kankan pẹ̀lú olórin tí ó ń jẹun nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìjà mi ni pé a fi tirẹ̀ pa ti àwọn ọmọ rẹ́.

Èyí tí ó burú jù kàn wá gan-an. Bí ìbò bá ń bọ̀, àwa olóṣèlú a ra ìlù, a dá aṣọ, a ní kí àwọn ọ̀dọ́ kọrin bú ẹnìkejì. Bí ìbò bá kọjá, a kò mọ̀ wọ́n mọ́. Kùmásì ti rí ohun tí òṣèlú máa ń ṣe fún Zongo. Ní ọdún 1957 ni wọ́n lé Alhaji Amadu Baba, Sarkin Zongo, àti Alhaji Othman Larden Lalemi ti Muslim Association Party kúrò ní ìlú lọ sí Nàìjíríà, kí ọdún náà tó parí, òfin sì ti de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó dúró lórí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ẹgbẹ́ onílù tí ó bá gba àsíá ẹgbẹ́ kan, ìdajì àdúgbò kò ní pè é sí ìsọmọlórúkọ mọ́.

Àwọn àlùfáà kan kò fẹ́ ìlù rárá. Èmi kò lè bá wọn jiyàn lórí ìwé, mo kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn onílù dákẹ́ nígbà ìrun.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yọ wákàtí àkọ́kọ́ níbi àjọyọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí olórin tí a háyà tó gun orí ìtàgé. Kí wọ́n wá àyàn kan tí yóò máa kọ́ wọn. Owó awọ ewúrẹ́ àti osán ìyáàlù kò tó ohun tí à ń ná mọ́ olórin kan lórí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kí ìlù náà sì wà ní ọwọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí ó má ṣe wà ní ilé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, títí kan tiwa.