Ṣílè Ọlọ́pẹ Àti Owó Wúrà

Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fà á síbi tó bá wù ú, ọ̀rọ̀ wúrà ti bọ́ sẹ́nu àwọn tí kò dé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà rí. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báǹkì ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 1,500 kí 2024 tó rìn jìnnà. Ẹni tó fi owó pamọ́ kàn ń wò ó bó ṣe ń rù ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kan fi ń béèrè owó ẹyọ wúrà báyìí: sovereign ti Gẹ̀ẹ́sì, Krugerrand ti Gúúsù Áfíríkà, Eagle ti Amẹ́ríkà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà. Àmọ́ ẹni tí kò bá gbọ́ èdè ọjà yìí, yóò sanwó àìgbédè.

Ó ṣe tán, a ti ní tiwa nílé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ọjà Aswani ń hó yèè, obìnrin kan tó ń ta àǹkárá tú kókó ìdí ìró rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo èyí, ìyá ìyá mi ló fi sílẹ̀.” Ṣílè méjì ni, igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn méjèèjì. Ọ̀kan ní àwọ̀ idẹ, 1938 ló wà lára rẹ̀. Èkejì funfun, 1914, pẹ̀lú lẹ́tà H kékeré kan. Ó sì ń dán gbinrin, torí pé obìnrin náà ti fi kànhìnkànhìn àti eérú gbo ó títí orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́.

Àánú ṣe mí. Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ tó ń rí sí owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, láti 1913 sì ni àwọn owó ẹyọ rẹ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì, ti jẹ́ fàdákà gidi, ìdá 925 nínú 1,000. Nígbà tí fàdákà gbówó lórí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sọ ọ́ di idẹ ní 1920. Ṣílè 1938 ìyá àǹkárá kò ní fàdákà kankan nínú. Ti 1914 wọn gíráàmù 5.66, fàdákà inú rẹ̀ sì tó 5.23. Lẹ́tà H yẹn, àmì ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham tó rọ ọ́ ni. Iye fàdákà rẹ̀ wà síbẹ̀, gbígbo kò mú un lọ. Iye tí àwọn olùkó-owó-àtijọ́-jọ ìbá fi lé e lórí ni eérú gbo dànù. Wọn kì í fẹ́ kí kànhìnkànhìn kan owó àtijọ́ rárá.

Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọjà yìí. Owó kan lè níye lórí nítorí irin inú rẹ̀, ó sì lè níye nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, tí ojú rẹ̀ sì mọ́. Ẹni tó ń ra nǹkan tó fẹ́ fi owó pamọ́ sí, èyí àkọ́kọ́ ni kó sanwó fún. Iye tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ yìí: Eagle oníwúrà áúnsì kan, 50 dọ́là ló wà lára rẹ̀, ẹ wá ẹni tó máa tà á fún yín ní 50 dọ́là.

Kárátì ni wọ́n fi ń wọn bí wúrà ṣe jẹ́ ògidì tó. 24 ni ògidì. Sovereign jẹ́ 22, ó wọn gíráàmù 7.99, wúrà ògidì inú rẹ̀ sì jẹ́ 7.32. Krugerrand, tí wọ́n ti ń rọ láti 1967, wọn 33.93, ṣùgbọ́n ògidì inú rẹ̀ jẹ́ áúnsì kan péré. Áúnsì àwọn oníwúrà tó gíráàmù 31.1, kì í ṣe 28.35 tí a fi ń wọn nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fi gbogbo 33.93 ṣírò owó wúrà ògidì fún yín ti fi bàbà jẹ yín.

Ní ti ayédèrú, òòfà kò tó fi dán an wò, torí idẹ kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Òṣùwọ̀n kékeré àwọn oníwúrà, pẹ̀lú wíwọn bí owó náà ṣe nípọn tó, ló dára jù. Wúrà wúwo gan-an: bí oníjìbìtì bá fi idẹ ṣe sovereign kí ìwọ̀n rẹ̀ lè pé, àfi kó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Owó tí oníṣòwò ń fi lé iye wúrà náà lórí, òun ló ń dun àwọn tó ń rà á fún ìgbà àkọ́kọ́ jù. Wọ́n á tà á fún yín ju iye wúrà inú rẹ̀ lọ, wọ́n á sì rà á padà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àárín méjèèjì ni oúnjẹ ọmọ oníṣòwò. Àwọn owó ẹyọ tó ń tan bíi dígí, tó wà nínú àpótí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń fi owó lé lórí jù, ìwọ̀n lásán ni wọ́n sì sábà máa ń fi rà wọ́n padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka owó sílẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: “Bí mo bá gbé e padà wá lọ́la, èló lẹ máa rà á?” Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ẹ dá owó yín padà sápò.