Nígbà Tí Géèmù Kò Bá Kúrò Lójú Ọmọ

Ọ̀rọ̀ géèmù ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń já òbí láyà. Ọmọ á dìde nídìí géèmù, á lọ sùn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ké sí ìyá rẹ̀ pé, “Mọ́mì, bí mo bá ti dijú, mo ṣì ń rí i.” Ìyá mìíràn á ti máa wá ẹni tí yóò lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ná.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé ní nǹkan bí ọdún 1995 á rántí brick game, tí búlọ́ọ̀kù ń já bọ́ láti òkè, tí a ó máa yí i títí yóò fi wọ àyè rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Tetris, tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow lọ́dún 1984. Àwọn tó ta á pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí àwọn bá rí páálí nínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkàn àwọn á máa wo bí èyí ṣe lè wọnú ìyẹn.

Lọ́dún 2000, Robert Stickgold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí ènìyàn 27 ta Tetris fún ọ̀pọ̀ wákàtí láàrin ọjọ́ 3, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí bí oorun bá ti ń gbé wọn lọ. Ó ju ìdajì wọn lọ tó rí búlọ́ọ̀kù. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti àwọn 5 kan láàrin wọn tí ọpọlọ wọn ti fara pa, tí wọn kì í rántí ohun tí wọ́n ṣe lánàá. Àwọn yìí kò rántí pé àwọn ta géèmù kankan, síbẹ̀ 3 nínú wọn rí búlọ́ọ̀kù náà.

Ẹ ò rí i pé ọpọlọ kì í ṣíwọ́ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Ohun tí ojú àti ọwọ́ bá ṣe léraléra ni yóò máa tún ṣe. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ṣa ẹ̀wà lè dùbúlẹ̀ kó máa rí ẹ̀wà! Géèmù tilẹ̀ lè ṣe ojú lóore: lọ́dún 2003, Shawn Green àti Daphne Bavelier fi hàn pé àwọn tó ń ta géèmù ìjà máa ń tètè kíyè sí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ju àwọn tí kì í ta á lọ. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ojú tó ti mọ́ irú ìyára bẹ́ẹ̀ lè máa rí ìwé kíkà bí ohun tó ń falẹ̀ jù.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ní òun ń rí búlọ́ọ̀kù, ẹ bi í pé wákàtí mélòó ló fi ta á. Bó bá jẹ́ ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ ló ń rí, ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kejì, kí ẹ fi ojú ara yín wo géèmù náà. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ku wákàtí kan kó sùn. Bàbá tó ń ta géèmù lórí fóònù títí di òru, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà o.