Ọ̀sà Ni Olórí Ogún Àgbádárìgì

Imeke, Àgbádárìgì

Bí àlejò bá ti Amẹ́ríkà tàbí Bùràsílì dé sí Àgbádárìgì, ibi tí wọ́n máa ń mú un lọ kò ju márùn-ún, mẹ́fà lọ: ọjà ẹrú Vlekete, ilé Mobee tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà, àgọ́ ẹrú Séríkí Williams Abass, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845, àti ibi ìrántí igi Agia tó wó ní 1959, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842. Lẹ́yìn náà, ó di inú ọkọ̀ ojú omi, ó di Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà, kó lọ fojú rí Ẹnu Ọ̀nà Àrèmabọ̀ tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí òkun. Ọ̀sà tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ. Wọ́n á kàn gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni ń kọjá lórí afárá.

Àdánù ńlá nìyẹn. Omi ló sọ Àgbádárìgì di ìlú. Òun ló ti Èkó wá, tó sì lọ títí dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Àgbádárìgì létí omi yìí ni Ọba Akitoye sá sí nígbà tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó ní 1845, títí tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí ọ̀nà ilé fún un ní 1851. Èyí tó sì yẹ kí àlejò kọ́kọ́ gbọ́ ni ti àwọn Sàró. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ti ń padà láti Sierra Leone, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì kí wọ́n tó forí lé Abẹ́òkúta. Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1845. Ó lo bí ọdún kan àbọ̀ kó tó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti fojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846. Ta ló wá ní kí ìtàn parí sí ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà bọ̀?

Ẹ wo bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe omi tiwọn. Ní Íńdíà, ìlú Varanasi jókòó sétí odò Ganges. Àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ wọnú odò níbẹ̀ lé ní 80, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́ láàárín 1700 sí 1800. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kì í lọ síbẹ̀ torí mùsíọ́ọ̀mù. Omi ni wọ́n bá lọ, wọ́n á wẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń yọ. Atukọ̀, olódòdó àti ẹni tó ń ta igi ìsunkú sì ń jẹun lára rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìjọsìn kò fọ odò náà mọ́: ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò ìwẹ̀nùmọ́ ní 1986, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní 2014, iṣẹ́ kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé odò ni ìlú wọn, wọ́n sì ń náwó lé e.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ò jọra: ẹni tó lọ sí Ganges ń wá ìwẹ̀nù, ẹni tó wá sí Gberefu ń wá ibi tí yóò ti sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ Vlekete tí ọjà ẹrú ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí, òrìṣà òkun àti atẹ́gùn ni láàárín àwọn Ẹ̀gùn. Ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ omi ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi orúkọ òrìṣà náà pe ọjà.

Ọ̀sà ọ̀hún wá ń kú lójú gbogbo wa. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó nínú omi Àgbádárìgì, èyí tó ti apá orílẹ̀-èdè Benin wọlé. Ó ń dí ojú omi, ó ń lọ́ mọ́ àwọ̀n, ó sì ń há mọ́ ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí ìlú tún wà níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àwọn tó ń wa yanrìn. Láti 2009 ni owó ti ń lọ sórí títì Èkó sí Àgbádárìgì tí wọ́n ní yóò ní ọ̀nà mẹ́wàá. Títì dára, àmọ́ ohun tí ará Imeke àti Ajara ní agbègbè yìí ń rí nínú ìrìn àlejò kò ju eruku bọ́ọ̀sì wọn lọ.

Kí ìjọba Èkó yọ lára owó yẹn fún omi: kí wọ́n kó ewéko kúrò lọ́nà ọkọ̀, kí wọ́n tún èbúté ṣe láti Èkó wá, kí ẹ̀wù amúniléfòó wà nínú gbogbo ọkọ̀, kí àwọn tó ń ta òróró àgbọn, ẹní àti ẹja rí ibi pàtẹ ọjà sí létí èbúté. Àwọn atukọ̀ Gberefu ni kí wọ́n gbà ṣe afinimọ̀nà, torí àwọn ló mọ ọ̀nà omi. Ìtàn Crowther ni kí wọ́n máa sọ fún àlejò, torí ó bá àkókò tí ọkọ̀ fi ń sọdá mu dáadáa.